Bí ẹ́ńjìnnì bá lágbára, ta ni yóò gbé e? Ẹ̀kọ́ inú ayé Ferdinand Porsche

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó fẹ́ràn ọkọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun kò já fáfá mọ́, ló bá lọ ra tókúnbọ̀ mìíràn. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tó rà jẹ́ oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Mẹkáníìkì bá a gbé e wọlé, ó dè é, wọ́n tan án, ó bú bí ẹkùn. Àwọn ọmọ àdúgbò pé jọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọkọ̀ òun ti di ọkọ̀ gidi báyìí.

Kò pé oṣù kan. Èmi gan-an ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ń gun òkè kan lọ, ó fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀, ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. A gbọ́ gbàù lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké ramúramù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ mọ́. Ó fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, tírélà kan sì wà lẹ́yìn wa. Búréèkì ló yọ wá. Tí kì í bá ṣe búréèkì, bóyá ẹlòmíì ni ì bá máa kọ ọ̀rọ̀ sí ojúewé yìí lónìí.

Nígbà tí wọ́n tú irin roboto tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, eyín jíà inú rẹ̀ ti ká dànù bí eyín arúgbó. Ohun tí wọ́n ń pè ní dífárẹ́ńṣà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tuntun kò ní àbùkù kankan o. Dífárẹ́ńṣà ti ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kò sì lè gbé e.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, òfin ni mo kà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn nípa irin yìí, ìtàn náà ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1951, tí gbogbo ayé ṣì ń pe orúkọ rẹ̀: Ferdinand Porsche. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ náà mọ́ ọkọ̀ olówó ńlá. Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ló ya àwòrán ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ nílùú Èkó ní ọdún 1975.

Kí n tó sọ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí dífárẹ́ńṣà ń ṣe ná. Ẹ wo àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe máàṣì lọ́jọ́ àyájọ́ àwọn ọmọdé. Tí ìlà wọn bá fẹ́ yí sápá kan, ọmọ tó wà lọ́wọ́ òde á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, èyí tó wà lọ́wọ́ inú á kàn máa tẹ ilẹ̀ lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni táyà ọkọ̀ ń ṣe ní kọ́nà. Táyà òde ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Tí wọ́n bá fi irin gbọọrọ kan ṣoṣo de àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ ekejì nílẹ̀. Dífárẹ́ńṣà ló ń jẹ́ kí oníkálukú yí bó ṣe yẹ kó yí, kí agbára ẹ́ńjìnnì sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ kejì tó ń ṣe ni ti ìsọdipúpọ̀. Ká ní jíà kìn-ín-ní sọ agbára yíyí ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po mẹ́ta, tí dífárẹ́ńṣà tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, á jẹ́ pé ìlọ́po méjìlá ló ń dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá fi kún iwájú, ìlọ́po méjìlá rẹ̀ ni ẹ̀yìn ń gbà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣìṣe.

Àmọ́ dífárẹ́ńṣà lásán ní àléébù ńlá kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti há sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò ti rí i. Táyà kan á máa yí fíríífíríí, á máa da ẹrẹ̀ sí àwọn tó ń tì yín lára. Ekejì tó wà lórí ilẹ̀ líle á dúró bí ẹni pé wọn ò bá a wí. Ibi tí kò bá sí ìdènà ni ìyípo ẹ́ńjìnnì ń sá gbà. Táyà tó lè gbé yín jáde kì í rí nǹkan tó tó gbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n bí Ferdinand Porsche ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875 ní Maffersdorf, ìlú kékeré kan ní Bohemia. Abẹ́ ìjọba Austria-Hungary ni ibẹ̀ wà nígbà náà. Lónìí, ó ti di ara ìlú Liberec ní orílẹ̀-èdè Czech. Iṣẹ́ páànù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì wà nílùú wọn tó ti ní iná mànàmáná, ojú ọmọ náà sì ti kúrò lára páànù láti ọjọ́ tó ti rí iná yẹn. Ó ń yọ́ kọ́ nípa rẹ̀, ó ń dán an wò, bàbá ń bínú. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi fúnra rẹ̀ fa iná mànàmáná wọ ilé bàbá rẹ̀. Bàbá ò rí nǹkan sọ mọ́.

Ní ọdún 1893, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó lọ sí Vienna, ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ oníná mànàmáná kan. Kò forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì rárá. Ṣùgbọ́n tó bá ti ráyè, á yọ́ wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú náà, á jókòó sẹ́yìn, á máa gbọ́. Ní ọdún 1917, ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá. Ayé á yí o!

Ilé iṣẹ́ Lohner, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún àwọn ọlọ́lá ní Vienna, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1900, wọ́n gbé ọkọ̀ tó ṣe fún wọn lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris. Bátìrì ló ń gbé ọkọ̀ náà rìn. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ibi tó fi mọ́tò oníná mànàmáná sí: inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an ni, mọ́tò tirẹ̀ fún ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní jíà, kò ní dífárẹ́ńṣà. Torí oníkálukú ti ní agbára tirẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń pín.

Ó dára púpọ̀, àmọ́ bátìrì wúwo. Nínú ọ̀kan tó tóbi jù nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, bátìrì nìkan wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Porsche gbìyànjú láti fi ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù kún un kó lè máa ṣe iná fún mọ́tò inú ẹsẹ̀ ọkọ̀, irú èyí tí a ń pè ní haíbírìdì lónìí. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ti ronú ẹ̀! Ṣùgbọ́n pẹtiróòlù ló jàre ayé ìgbà náà, Porsche náà sì bá wọn lọ.

Ní ọdún 1906, ó di ọ̀gá àgbà lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Austro-Daimler. Ní ọdún 1910, òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ tó ṣe nínú ìdíje ọlọ́nà jíjìn tí wọ́n fi orúkọ Ọmọọba Heinrich pè. Òun ló gba ipò kìn-ín-ní, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì gba ipò kejì àti ìkẹta. Kì í ṣe ọ̀gá tó ń jókòó sí ọ́fíìsì o, òróró ẹ́ńjìnnì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ inú rẹ̀ máa ń tètè ru, kì í sì í pẹ́ kó tó bá àwọn tó ń di àpò owó mú jà. Ó kúrò ní Austro-Daimler, ó lọ sí Daimler ní Stuttgart ní ọdún 1923. Ó ṣe àwọn ọkọ̀ Mercedes ńláńlá tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi owó gọbọi rà lónìí. Ó bá àwọn náà jà, ó kúrò ní ìparí ọdún 1928. Ó lọ sí Steyr, ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, ó tún kúrò níbẹ̀.

Bó ṣe di pé ọkùnrin tó ti lé ní ọdún 55 dá dúró nìyẹn. Ní ọdún 1931, ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Stuttgart, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọkọ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Òun nìkan kọ́ ló ni ín. Àna rẹ̀ Anton Piëch, tó jẹ́ amòfin bíi tèmi, ní ìpín níbẹ̀. Ẹnì kẹta ni Adolf Rosenberger, awakọ̀ eré ìje tó ti fi Mercedes gba ipò tẹ́lẹ̀. Rosenberger ló ń bójú tó ètò owó, òun ló sì ń wá oníbàárà. Ìpín 10 nínú 100 ni tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé orúkọ yìí, à ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé òfin tuntun jáde fún ọkọ̀ eré ìje: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju 750 kìlógíráàmù lọ, láìka awakọ̀, epo àti táyà mọ́ ọn. Àwọn tó ṣe òfin náà rò pé bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní lè tóbi jù, eré á sì dín kù. Porsche ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rìndínlógún, ó sì gbé e sí ẹ̀yìn awakọ̀. Auto Union, àjọṣe ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó fi òrùka mẹ́rin ṣe àmì, ló gbà láti ṣe é. Owó ńkọ́? Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè ní ọdún 1933, ó sì fẹ́ kí Jámánì máa gba ife ẹ̀yẹ. Mercedes ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Porsche lọ bá a, ó bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi gbà kí wọ́n pín owó ìrànwọ́ náà sí méjì.

Ní ọdún 1934, ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú agbára ẹṣin 295. Awakọ̀ Hans Stuck fi gba ìdíje ńlá Jámánì àti ti Siwitsalandi lọ́dún yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, agbára di 375. Ní ọdún 1936, ó di 520. Ẹ rò ó wò: láàárín ọdún méjì péré, agbára ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí òkè fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí Porsche náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi, eyín jíà ló ká. Ti Porsche, agbára ló ń ṣòfò. Tí awakọ̀ bá ti ń jáde ní kọ́nà tó tẹ tọ́tù, táyà ẹ̀yìn tó wà lọ́wọ́ inú á fúyẹ́ nílẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo. Èéfín rọ́bà á gbòde, ekejì tó di ilẹ̀ mú kò ní rí nǹkan tó tó gbà. Kódà bí ọkọ̀ bá ti ń sáré dé bíi 160 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà kan ṣì lè máa yí lófo. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi owó òbítíbitì ṣe wá di ẹ̀rọ tó ń jó táyà.

Ẹlòmíì ì bá ní kí wọ́n dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ẹlòmíì ì bá di táyà méjèèjì pọ̀ gbọingbọin, kí ọkọ̀ má lè yà ní kọ́nà mọ́. Porsche ò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ní ọdún 1935, ó ké sí ZF, ilé iṣẹ́ onijíà kan ní Friedrichshafen tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1915 láti máa ṣe jíà fún ọkọ̀ òfurufú aláfẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe dífárẹ́ńṣà mìíràn.

Ohun tí wọ́n ṣe rèé. Wọ́n to àwọn irin kéékèèké sáàárín òrùka irin méjì tí ara wọn rí gbágungbàgun. Tí ìyàtọ̀ díẹ̀ bá wà láàárín táyà méjèèjì, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń yà, àwọn irin náà á yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n tí táyà kan bá fẹ́ sá lọ pẹ̀lú gbogbo ìyípo ẹ́ńjìnnì, àwọn irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í há, wọ́n á máa fà á sẹ́yìn, agbára tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì bọ́ sọ́dọ̀ ekejì. Ẹ̀rọ náà kò sọ pé kí àwọn méjèèjì máa yí bákan náà nígbà gbogbo. Ó kàn ní ìwọ̀n tí ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ.

Ní ọdún 1936, Bernd Rosemeyer, ọmọkùnrin tó ti orí alùpùpù eré ìje bọ́ sínú ọkọ̀, fi ọkọ̀ agbára ẹṣin 520 yẹn gba ife ẹ̀yẹ awakọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù. Lónìí, àìmọye ọkọ̀ alágbára ló ń lo irú dífárẹ́ńṣà tí kì í jẹ́ kí táyà kan sá lọ yìí, ní oríṣiríṣi ẹ̀yà.

Tó bá jẹ́ pé ibí ni ìtàn parí sí, mi ò bá ti sọ pé ẹ jẹ́ ká máa yin Porsche, kí n sì kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1935 yẹn.

Júù ni Adolf Rosenberger. Láti ìgbà tí Hitler ti gorí oyè ni ilẹ̀ ti ń gbóná fún un, ó sì ti kúrò nípò alábòójútó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1933. Ìpín 10 nínú 100 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1935, ìpín náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Ferry, ọmọ Porsche, ní iye tí wọ́n kọ sára ìwé nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe iye tí ilé iṣẹ́ náà ti tó ní ọdún 1935 o. Iṣẹ́ ti ń wọlé nígbà náà, ìjọba pàápàá ti gbé iṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen fún wọn ní ọdún tó ṣáájú. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọlọ́pàá mú Rosenberger lórí ẹ̀sùn pé ó ń bá obìnrin tí kì í ṣe Júù rìn. Wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Kislau. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó sá kúrò ní Jámánì, ó sì bá ara rẹ̀ dé Amẹ́ríkà.

Ìjọba ló mú un, kì í ṣe Porsche. Mo sọ èyí kí n má bàa ṣe ẹjọ́ èké. Ìwé tí wọ́n fi gba ìpín náà wà, ó ní iye, ó ní ọjọ́. Ẹni tó bá ń wá àṣìṣe lórí ìwé lásán lè máà rí i. Ṣùgbọ́n nínú òfin àdéhùn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí ẹni méjì tó ṣe àdéhùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ lè sọ pé òun ò ṣe. Ta ni Júù fẹ́ sọ fún ní Jámánì ọdún 1935 pé òun ò ṣe? Kóòtù wo ni yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ní ọdún kan náà, ọkùnrin kan náà wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé kò dára kí ẹnì kan máa gba gbogbo agbára kí ẹnì kejì máa wò, ó sì wá irin tí yóò dí i lọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè, irú nǹkan kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì tirẹ̀, kò sì wá irin kankan. Ọmọ tirẹ̀ ló jàǹfààní.

Láti ibẹ̀, ó ń rìn lọ pẹ̀lú agbára. Ó ti di ọmọ ìlú Jámánì ní ọdún 1934, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ní ọdún 1937, wọ́n sì fún un ní oyè nínú SS. Ní ọdún 1938, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ Volkswagen lélẹ̀ níbi tó di ìlú Wolfsburg lónìí. Ìjọba ní kí mẹ̀kúnnù máa dá owó 5 máàkì lọ́sẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ, kí wọ́n lè gba ọkọ̀. Àwọn tó lé ní 300,000 ló dá a. Ogun dé, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó gba ọkọ̀ tó fi owó rẹ̀ dá àjọ títí ìjọba náà fi wó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ogun, àwọn tí wọ́n fi tipátipá kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ló pọ̀ jù nínú wọn. Porsche àti àna rẹ̀ amòfin wà lára àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ náà.

Ó tún ya àwòrán ọkọ̀ ogun ńláńlá. Nínú Tiger tirẹ̀, ó padà sí èrò ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀: ẹ́ńjìnnì á ṣe iná mànàmáná, iná á yí mọ́tò. Ọkọ̀ náà wúwo jù, ó ń gbóná jù, Henschel ló sì gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún 1942. Ọkùnrin tó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé agbára nìkan kò tó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ogun parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, àwọn ará Faransé mú òun, Ferry àti Piëch. Wọ́n tú Ferry sílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 20 oṣù ni bàbá fi wà ní àtìmọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́. Ó ti di arúgbó ẹni ọdún 70. Wọ́n tilẹ̀ gbé e lọ sí Paris láti wo ọkọ̀ kékeré tuntun tí Renault ń ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1947, wọ́n gba ìdúró rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ferry ti gba iṣẹ́ ọkọ̀ eré ìje fún olówó kan ní Ítálì, owó iṣẹ́ náà sì wúlò fún ìdúró bàbá rẹ̀.

Èmi kò yọ̀ sí ìyẹn o. Títi arúgbó mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ kò dára, ìbáà jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ ni. Ó wulẹ̀ jẹ́ pé Porsche náà wá mọ bó ṣe ń rí tí agbára bá wà lápá kan, tí kò sí kóòtù tó lè fà á sẹ́yìn.

Ní ọdún 1948, ní abúlé Gmünd ní Austria, Ferry ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ Porsche, èyí tí wọ́n pè ní 356. Bàbá rí i. Ní ọdún 1950, ẹjọ́ tí Rosenberger pè láti Amẹ́ríkà parí sí ìpẹ̀tù: wọ́n fún un ní 50,000 máàkì àti ọkọ̀ kan. Ìpín 10 nínú 100 kò padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Porsche, ó sì kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1951 ní Stuttgart. Ẹni ọdún 75 ni. Ibi tí wọ́n sin ín sí ni Zell am See, láàárín àwọn òkè Austria.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lórílẹ̀-èdè wa, ẹ́ńjìnnì la máa ń pààrọ̀. Ẹ fún ọlọ́pàá ní agbára sí i. Ẹ fún gómìnà lówó sí i. Ẹ dá àjọ tuntun sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Èmi fara mọ́ ìdájọ́ yẹn tọkàntọkàn. Àmọ́ mo bi ara mi: ta ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò? Ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀ wo ló lè sọ fún alága pé ó tó gẹ́ẹ́? Tí adájọ́ ṣì ń fi ọwọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ, tí ẹjọ́ kan ń gba ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò fa ẹsẹ̀ tó ń sá lọ sẹ́yìn?

Àwọn kan á ní kí wọ́n dín agbára kù. Àwọn kan á ní kí wọ́n de gbogbo ènìyàn pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè mira. Dífárẹ́ńṣà ọdún 1935 ti fi hàn wá pé ọ̀nà kẹta wà: ẹ jẹ́ kí oníkálukú rìn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi irin tó máa há sáàárín kí ọ̀kan má bàa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, òfin ni irin yẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí agbára tó dé, nítorí kì í ṣe lórí òkè ni wọ́n ti ń wá a.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá mẹkáníìkì mìíràn. Wọ́n wá dífárẹ́ńṣà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, èyí tí jíà inú rẹ̀ tóbi, tí ọ̀pá irin tó gbé táyà náà sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n yẹ búréèkì wò, wọ́n pààrọ̀ òróró sí irú èyí tí irin náà ń fẹ́. Owó tó ná sí ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó ná sí iwájú, ó sì ráhùn títí. Nígbà tó parí, ẹnikẹ́ni ní àdúgbò kò jáde wá pàtẹ́wọ́, torí kò sí ariwo tuntun kankan tí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n a tún gun òkè ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ sì gbé wa dé orí rẹ̀.